Bí Ẹṣin Bàbá Mi Ṣe Lókun Láìsanra

Láti ìgbà tí ẹṣin wa ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sí òde ìyàwó àti ìwúyè, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ níbi gbogbo: "Kí lẹ ń fún un jẹ tí ara rẹ̀ fi yá báyìí?" Wọ́n máa ń retí pé kí n dárúkọ ọkà kan, tàbí kí n ní àgúnmu kan wà. Ìdáhùn mi gùn ju èyí tí mo lè sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Àwọn tí mo ní lọ́kàn jù ni àwọn tí ẹṣin wọn sanra rọ̀ǹgbọ̀dọ̀, àmọ́ tí kò lè rìn láti Sábó dé Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí kó tó máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Àrẹ̀mú ni orúkọ ẹṣin náà. Bàbá mi ló rà á, akọ ẹṣin pupa tó ní àmì funfun níwájú orí. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, ẹṣin náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń dúró sí, wọ́n sì ń bọ́ ọ bí ìgbà tó ṣì ń jáde. Nígbà tí bàbá mi jáde láyé tí ìtọ́jú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, òkè ọrùn rẹ̀ níbi tí gọ̀gọ̀ ti hù ti le gbandi, ọ̀rá ti ṣù jọ sẹ́yìn èjìká rẹ̀ àti sí ìdí ìrù. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tí wọ́n bá gùn ún díẹ̀, yóò dúró, yóò sì kọ̀ láti gbéra.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n ti ń bá bàbá mi tọ́jú ẹṣin láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé, sọ tiwọn lójú ẹsẹ̀: "Ọmọ Àlàájì, okun ni kò ní. Ẹ jẹ́ ká fi kóńgò kan kún ọkà rẹ̀."

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń di gàárì àti bí a ṣe ń fi ìjánu sí ẹnu ẹran láì ṣe é léṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ọ̀rá tó gbé kọ́rùn yìí, ṣebí oúnjẹ ló dà bẹ́ẹ̀? Ṣé agbára inú rẹ̀ nìkan kò tó gbé e dé Ìbàdàn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì dá mi lóhùn. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Agbára tó wà nínú oúnjẹ, tí ẹran kò bá lò ó, ọ̀rá ni yóò dà. Kò sí ọkà kankan láyé yìí, ti òyìnbó tàbí tiwa, tó máa ń fún ẹran ní okun tí kì í sì í mú un sanra tí ẹran náà bá dúró sójú kan. Ẹṣin tó sanra tó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ kò ṣaláìní agbára lára. Ohun mìíràn ni kò jẹ́ kó lè lò ó, ohun mìíràn yẹn ló sì yẹ ká wá.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan garawa oúnjẹ rẹ̀, mo pe dókítà ẹran. Àwọn ará ilé wa rò pé mo fẹ́ fi owó ṣòfò, torí ẹran tó ń jẹun tó sì ń yàgbẹ́, kí ló ń ṣe é? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó ni Ifẹ̀. Gbogbo wa la kà á nínú ìtàn pé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tí apá wọn ká ilẹ̀ ọ̀dàn kò rí ọwọ́ yí nínú igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Igi tó dí ojú ọ̀nà wà lára ohun tó fà á, eṣinṣin tsetse tó ń gbé kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran náà sì wà lára rẹ̀. Ẹṣin tí kòkòrò yìí bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa jẹun dáadáa síbẹ̀ kí okun rẹ̀ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ibà á mú un lónìí, á fi í sílẹ̀ lọ́la. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ á funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú. Abo ẹṣin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń fi ọkà kún oúnjẹ rẹ̀ ṣáá torí pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni wọ́n tó mọ̀ pé kòkòrò yìí ló ń dà á láàmú, abẹ́rẹ́ dókítà ló sì gbà á là.

Dókítà gbé ètè Àrẹ̀mú sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹran ìdí eyín rẹ̀, ó wò ó bí àwọ̀ pupa ṣe padà síbẹ̀. Tí ara bá le, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, èyí tó yẹ kó wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Ó gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀. Ìgbà 28 sí 44 ni ọkàn ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ máa ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án láti ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eyín ẹṣin kì í dẹ́kun yíyọ jáde nínú ẹran ìdí eyín ní gbogbo ìgbà tó bá fi lágbára, bó sì ṣe ń lọ ara rẹ̀ ni etí rẹ̀ ń mú bí ọ̀bẹ, tòkè níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, tìsàlẹ̀ níhà ahọ́n. Ti Àrẹ̀mú ti gé e lẹ́nu. Abájọ tó fi máa ń fi koríko sílẹ̀ tó sì máa ń gbé àgbàdo àti èérí mì! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní kòkòrò, ṣùgbọ́n aràn kún inú ìgbẹ́ rẹ̀, egbò eégbọn sì wà lábẹ́ ìrù rẹ̀. Wọ́n fi fáìlì rẹ́ eyín rẹ̀, wọ́n fún un lóògùn aràn. Mo lè sọ pé ìdajì okun tí a ń wá ti wà nínú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kí oúnjẹ tó wọ̀ ọ́.

Dókítà tún bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò gbọ́ rí: "Ṣé ó ń làágùn?" Ó ní àwọn ẹṣin kan wà tí òógùn wọn máa ń gbẹ ní ilẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ bíi tiwa. Wọn kò ní rí nǹkan fi tu ara, wọ́n á máa mí bí ajá, kò sì sí oúnjẹ tó lè mú wọn sáré. Ẹ máa wo ọrùn àti abẹ́ gàárì lẹ́yìn iṣẹ́. Tí ó bá gbẹ táútáú ní ọ̀sán gangan, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Wíwọ̀n ló kàn. A kò ní ìwọ̀n tó lè gbé ẹṣin, ṣùgbọ́n tépù télọ̀ tó. Ẹ ó wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ ó wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó iwájú èjìká dé ṣóńṣó eegun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ó fi iye ti àyà pọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ó fi gígùn pọ̀ ọ́n, ẹ ó wá fi 11,880 pín in. Àyà Àrẹ̀mú jẹ́ 162, gígùn rẹ̀ jẹ́ 145, ìyẹn fún wa ní kílò 320. Kì í ṣe òdiwọ̀n tó pé pérépéré, àmọ́ tí ènìyàn kan náà bá ń wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà, yóò fi hàn bóyá ẹran ń fọn tàbí ó ń sanra. Mo tún ń fi ìka tẹ egungun ìhà rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Don Henneke, ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1983, láti 1 tí í ṣe egungun lásán dé 9 tí í ṣe ọ̀rá lásán. 5 ni a ń wá: kí ojú má rí egungun ìhà, kí ìka sì rí i láì wá a jìnnà. Lọ́jọ́ náà, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ gan-an kí n tó kan egungun kankan.

Ẹ wá wo ohun tó ń jẹ. Kóńgò àgbàdo kan láàárọ̀, kóńgò kan nírọ̀lẹ́. Mo gbé kóńgò náà sórí ìwọ̀n, ó tó kílò kan ààbọ̀. Ìyẹn ni pé kílò 3 àgbàdo lójúmọ́, àgbàdo yẹn nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo agbára tí ẹṣin oníkílò 320 ń lò tí kò bá ṣiṣẹ́ kankan. Lórí rẹ̀ ni wọ́n tún da dùsà sí, èérí ọkà láti ilé ọlọ, àwọn ọmọ ilé sì ń fún un ní búrẹ́dì àti èèpo iṣu. Koríko ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, koríko ni Ọlọ́run dá ẹṣin fún. Ikùn rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀, bíi lítà 8 sí 15 péré, omi kíkan inú rẹ̀ sì ń sun tọ̀sán-tòru bóyá ó jẹun tàbí kò jẹ. Ìfun ńlá tó wà lẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ gidi, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń sọ koríko di okun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Tí àgbàdo bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfun kékeré kò ní rí gbogbo sítáàṣì rẹ̀, èròjà tó ń fún ọkà lágbára, gbà, yóò ṣàn dé ìfun ńlá, yóò kan, yóò sì pa àwọn kòkòrò rere. Inú rírun tó ń pa ẹṣin ń ti ibẹ̀ wá, torí ẹṣin kò lè bì. Àrùn pátákò gbígbóná náà ń ti ibẹ̀ wá, ẹṣin tí ọrùn rẹ̀ bá sì ti le bíi ti Àrẹ̀mú nígbà yẹn ni ó tètè ń mú. Èyí ló ń já mi láyà nígbà tí mo gbọ́ "ẹ fi kóńgò kan kún un."

Mo yí i padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìfun ẹṣin kò fẹ́ kánjú. Ìdá kan nínú mẹ́rin àgbàdo rẹ̀ ni mo ń yọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń jẹ́ kí ó bá a lára mu kí n tó yọ òmíràn. Búrẹ́dì dúró lọ́jọ́ kan náà, inú àwọn ọmọ kò dùn, mo sì ní kí wọ́n máa fún un ní ewé àgbàdo tútù dípò rẹ̀.

Ní ti koríko, eran àti eésún ni a ní jù lágbègbè Ifẹ̀. Tí eésún bá ti gbó, pòpórò lásán ni. Kí ẹ gé e nígbà tó ṣì rọ̀, kí eran náà má tíì yọ òdòdó. Ẹṣin nílò koríko tí ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá kúrò nínú rẹ̀ tó kílò kan ààbọ̀ sí kílò 2 fún ọgọ́rùn-ún kílò ara rẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, torí náà fún Àrẹ̀mú, tí a fẹ́ kó fọn díẹ̀, kílò 22 sí 25 lójúmọ́ ni. Ó pọ̀ lójú. Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé e ní òpópónà Ẹdẹ kọ́kọ́ rò pé ẹṣin méjì ni mo ní. A pín in sí ọ̀nà púpọ̀, a sì ń fi àwọ̀n so ti òru kọ́ kí ó lè máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀ dípò kí ó gbé e mì kí ó sì dúró lásán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ibi tí a ti gé koríko ṣe pàtàkì púpọ̀. N kò gba ti abẹ́ kòkó, nítorí oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí i. N kò gba ti ẹ̀bá títì tí ó bá ń pọ́n lọ́nà tí kò yé mi, torí oògùn apakoríko. Mo sì sọ fún ọmọ náà pé kí ó má bá mi dá ewé agunmaniyè tí àwọn olùsìn ewúrẹ́ fẹ́ràn mọ́ ọn, ohun tí ewúrẹ́ jẹ tí kò ṣe é lè pa ẹṣin. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà kò wọlé wa.

Ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ló tún kàn, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí. Àwọn koríko ilẹ̀ olóoru bíi eran àti eésún ní ohun kan nínú tó máa ń di kálísíọ̀mù mú kí ẹran má rí i lò. Èérí ọkà náà kún fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà mìíràn tó ń lé kálísíọ̀mù. Tí ẹṣin bá ń jẹ méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù láti inú eegun, ojú rẹ̀ á wú, yóò máa tiro láti ẹsẹ̀ kan sí òmíràn, wọn á sì ní ọ̀lẹ ni. Mo dín dùsà kù dé ìwọ̀nba tó lè gbé oògùn àti iyọ̀ mì. Mo ń fi ìkarahun lílọ̀ tí àwọn olùsìn adìyẹ ń rà sí i. Mo sì ń ra ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti òkè, torí kálísíọ̀mù àti purotéènì, èròjà tó ń mọ ẹran ara, wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ ni mo ń fún un. Ẹṣin fẹ́ràn rẹ̀ ju koríko lọ, ó sì lè mú un sanra.

Àgbàdo ńkọ́? N kò lé e kúrò pátápátá, ó ní àsìkò tirẹ̀. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé sítáàṣì lẹ́ẹ̀kan oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù kan fún kílò ara ẹṣin kan. Fún ẹṣin oníkílò 320, àgbàdo bí ìdajì kílò ti kún ìwọ̀n yẹn, kóńgò kan sì ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Nísinsìnyí, gíráàmù 300 àgbàdo fífọ́ ni ó ń jẹ, ní ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. A kò fọ́ ọ kúnná bí ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n a kì í fún un ní odidi, torí odidi àgbàdo àti ọkà bàbà máa ń jáde nínú ìgbẹ́ bí ó ṣe wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn àgbàdo kí ẹ tó fún ẹṣin. Àgbàdo àkọ́kórè tiwa ń wọlé nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, kì í gbẹ dáadáa, ó sì máa ń bu. Májèlé tí èébu funfun yẹn ń pọ sínú àgbàdo máa ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́. Ẹran náà á máa yí po, á máa fi orí ti ògiri, á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀. Àgbàdo tó bu, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan àpò ló bu, gbogbo àpò náà ni kí ẹ sọnù. Ìkìlọ̀ kejì ni oúnjẹ adìyẹ. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní ó máa ń fún ẹran lókun. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní monensin wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ adìyẹ nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n tí kò ṣe adìyẹ ní nǹkan kan sì lè ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́. Ẹṣin tí kò kú lè má lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. A kì í gbé oúnjẹ adìyẹ sí yàrá kan náà pẹ̀lú ti Àrẹ̀mú.

Ohun tí mo fi rọ́pò apá kan nínú àgbàdo tí mo yọ ni òróró. Òróró sóyà ni mo ń lò, ti ẹ̀pà náà dára. Agbára inú mílílítà 100 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbàdo gíráàmù 240, kò sì ní sítáàṣì tó lè da inú rú tàbí tó ń mú ẹran gbóná lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru tó ń ti dídà oúnjẹ jáde kéré nínú òróró ju ti àwọn oúnjẹ yòókù lọ, ìyẹn sì wúlò fún wa níbí tí òógùn kì í ti í tètè gbẹ lára. Síbí ìjẹun méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń fi kún un fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé mílílítà 100. Ẹṣin oníwọ̀n tiwa lè gbà tó mílílítà 300, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ṣe? Òróró tó bá lé lórí oúnjẹ tó ti tó tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ni yóò dà bíi ti àgbàdo. Ẹni tó bá ń lo òróró púpọ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí kò sí koríko tútù ní láti wá fítámì E kún un, torí fítámì náà máa ń lọ nínú koríko gbígbẹ.

Mo tún fi ẹ̀wà sóyà yíyan lílọ̀ díẹ̀ sí i, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì lójúmọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ níbi tí gàárì ń jókòó sí. Ẹran ara ni a fẹ́ gbé dìde níbẹ̀. Yíyan ni kí ó jẹ́. Sóyà tútù ní ohun tí kì í jẹ́ kí ara lo purotéènì inú rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, iyọ̀ ni mo máa mú. Iyọ̀ lásán, iyọ̀ ọbẹ̀. Òógùn ẹṣin ní iyọ̀ púpọ̀ ju tènìyàn lọ. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń gbẹ funfun lára rẹ̀. Koríko kò sì ní iyọ̀ tó. Gíráàmù 30 lójúmọ́ ni ẹṣin oníwọ̀n tiwa nílò ní ìsinmi, ìlọ́po méjì ní ọjọ́ tó bá làágùn dáadáa. Ẹṣin tí iyọ̀ tán lára rẹ̀ kì í mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun, kì í mumi tó, á sì máa rẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí a fi iyọ̀ sí oúnjẹ Àrẹ̀mú, garawa omi rẹ̀ ń gbẹ kíákíá. Bàbá Ẹlẹ́ṣin fúnra wọn ló pè mí wá wò ó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan kò tó o mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. A ń fọ garawa náà lójoojúmọ́, a sì ń gbé e sí ibòji.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó sọ gbogbo oúnjẹ yìí di okun. Láàárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó kún ojú títì, Bàbá Ẹlẹ́ṣin ń mú un rìn, rírìn lásán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó sáré kankan. Èémí ló máa ń kọ́kọ́ le, iṣan tẹ̀lé e, eegun àti okùn ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn, torí náà ẹṣin tí ó dà bí ẹni pé ó ti ṣetán lè má tíì ṣetán. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gun Òkè Ìtasẹ̀. Èmi ni mo ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú aago. Mo ń fi ìka tẹ iṣan abẹ́ párì rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì ń lù ju 60 lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ jù, kò sí ìrìn gígùn lọ́la. Tí ó bá ti wá sísàlẹ̀ 60, a lè fi díẹ̀ kún un. Èyí ló fi okun rẹ̀ hàn mí ju bí ó ṣe ń fò lọ.

Ẹnìkan gbà wá níyànjú pé ká fún un ní obì kí ó tó jáde òde. Obì pọ̀ nílé wa, Ifẹ̀ ni a wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, mo sì kọ̀. Kafíìnì inú obì á lé ọkàn rẹ̀ sáré, á sì mú un fòyà láàárín ìlù àti èrò, kò ní fi okun kankan sí iṣan rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìyàwó gun orí ẹṣin tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kò fẹ́ràn ìyàwó náà.

Bí ọjọ́ òde bá kù bí ọjọ́ méjì, a máa ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù sí rírìn. Okun tí ẹṣin kó sínú iṣan máa ń pẹ́ kí ó tó padà, ó lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ líle. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ní jẹ àgbàdo láàárín wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó gùn ún, torí àgbàdo máa ń dí ara lọ́wọ́ láti lo ọ̀rá tó ní. Koríko díẹ̀ ni ó ń jẹ, kí ikùn rẹ̀ má bàa ṣófo kí omi kíkan má ta sókè. Omi ń bá a lọ síbi òde, a sì ń da omi tútù sí i lára lẹ́yìn iṣẹ́.

Tépù télọ̀ ní àyà rẹ̀ ti di 152, ìyẹn sì sọ ọ́ di bíi kílò 282. Ọrùn rẹ̀ ti ń rọ̀. Ìka mi ń rí egungun ìhà rẹ̀ wẹ́rẹ́, ojú kò sì rí i. Ní Iléyá tó kọjá, ó rìn láti ilé dé Yídì, ó sì padà pẹ̀lú Bàbá Ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn rẹ̀, kò dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń kí wa pé, "Ọmọ Àlàájì ni kí ẹ bi, èmi kò fi ọkà kankan kún un."

Ní báyìí, ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀, koríko tútù kò sì ní wà bó ṣe wà yìí. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé eran tó ṣì rọ̀, a ń sá a sórí páánù kí ọjọ́ tó rọ̀, a sì ń dì í ní ìtí kéékèèké. Èyí tó gbẹ dáadáa nìkan ni mo ń gbà wọlé, torí koríko tó bá fi ọ̀rinrin wọ inú ilé máa ń bu bíi àgbàdo. Mo ti ra harawa àpò díẹ̀ sílẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé tí koríko bá gbẹ, mo máa dín òróró rẹ̀ kù sí mílílítà 50, mo máa fi fítámì E kún un, mo sì máa wọn àyà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ó bá ń fọn ju bó ṣe yẹ lọ, koríko ni mo máa kọ́kọ́ fi kún un.